Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Àpótí Ìgbín Tí A Lè Fọwọ́ Ara Wa Kàn

Igbó tó yí Òrè àti Odìgbó ká ń tán lọ, ẹni tó ń ṣa ìgbín sì ní láti rìn jìnnà kó tó rí. Ẹ jẹ́ ká sìn ín nílé.

Ẹ fi pákó kan àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ẹsẹ̀ bàtà 3 ní gígùn, 2 ní ìbú. Ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jò, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo orí rẹ̀, kó sì wà níbi ibòòji. Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ tó lọ́ràá sí i, íǹṣì 6 ó kéré tán, torí inú ilẹ̀ ni ìgbín ń yé sí. Ẹ má bu ti oko kòkó tí a ti fín. Oògùn kòkó ń pa ìgbín.

Ẹ fún un ní ewé ìbẹ́pẹ àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èèpo ẹyin tí a lọ̀ kúnná ló ń mú kí ìkarahun rẹ̀ le. Iyọ̀ ò gbọdọ̀ kàn án. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ máa wọ́n omi síbẹ̀ láràárọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á sé ara rẹ̀ mọ́lé, kò ní jẹun, kò ní dàgbà.

Èyí tó dùn wá jù rèé: ìjàlọ wọ àpótí wa àkọ́kọ́ lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òfìfo ìkarahun la bá. Nítorí náà, ẹ ki ẹsẹ̀ àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ agolo tí epo ẹ́ńjìnnì dúdú wà nínú rẹ̀.

Ẹ má sì ta àwọn kéékèèké o. Owó ọ̀la ni wọ́n.