Àpótí Ìmọ̀: Ta Ni Ó Láṣẹ Lórí Ilẹ̀ Ìgbẹ̀yìn Ìlú?

Jikpan jẹ́ àdúgbò kan ní Minna, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger láti 1976, níbi tí ìgboro ti ń fẹ̀ wọ oko àwọn ẹ̀yà Gbagyi. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìgboro sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì fi ìyókù sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n gómìnà náà ni ó ń kéde ibi tí ó ti di ìgboro, èyí tí ó lè sọ àríyànjiyàn ìjọba ìbílẹ̀ lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ di asán. Owó gbà-má-bínú, ìyẹn owó tí ìjọba ń san fún ẹni tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wà fún ilé àti irè oko. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kìkì owó ilẹ̀ tí onítọ̀hún san lọ́dún tí ìjọba gba ilẹ̀ náà ni òfin mọ̀, àgbẹ̀ tí kò sì san irú rẹ̀ kò ní nǹkan kan láti gbà lórí ilẹ̀ náà.