Fọ́tò Eré Ìdárayá Nígbà tí Ìmọ́lẹ̀ Kò Tó

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama, eré ìje tí àwọn mẹ́rin-mẹ́rin fi ń gbé ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́ ni a fi ń kásẹ̀ ìdíje eré ìdárayá nílẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi kan eré náà, oòrùn ti fara pamọ́ sẹ́yìn igi, òjìji sì ti bo ìdajì pápá. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ kan tí a fi kámẹ́rà ilé-ẹ̀kọ́ lé lọ́wọ́ ní irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀bá okùn tí a ta sí òpin ọ̀nà. Ariwo sọ, ọmọkùnrin kan ya gbogbo àwọn yòókù sílẹ̀, ó já okùn. Akẹ́kọ̀ọ́ náà sì tẹ kámẹ́rà lásìkò, kò yá jù, kò sì pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wo fọ́tò náà, okùn hàn, igi ọ̀pẹ hàn, àwọn òǹwòran hàn. Ẹni tí ó já okùn nìkan ni ó dàbí èéfín tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ. Ìyá ọmọ náà, tí kò rí àyè wá sí pápá lọ́jọ́ náà, kò ní rí ojú ọmọ rẹ̀ nínú ìṣẹ́gun. A kò sì lè bẹ àwọn eléré kí wọ́n tún eré sá nítorí fọ́tò.

Kí ni ó fa àbùkù yìí? Kámẹ́rà náà kò bàjẹ́, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà kò sì gbọ̀n. Ìmọ́lẹ̀ ni kò tó, òun kò sì mọ bí a ti ń ṣọ́ ìmọ́lẹ̀ ná. Bí owó ni ìmọ́lẹ̀ rí lọ́wọ́ ayafọ́tò. Ní ọ̀sán gangan, ọlọ́rọ̀ ni; ó lè ná an bí ó ti fẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ tàbí nínú gbọ̀ngàn, tálákà ni. Ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò kọ́kọ́ rà, kí ó sì mọ ohun tí yóò fi sílẹ̀. Ojú ènìyàn kì í tètè fi àìtó yìí hàn án, nítorí pé ojú a máa bá òkùnkùn mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Kámẹ́rà kò ní irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀; iye ìmọ́lẹ̀ tí ó bá wọlé ni yóò fi ṣiṣẹ́.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ ya ohun tí ń sáré mọ òtítọ́ yìí dájú. Ní ọdún 1878, Eadweard Muybridge, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Kalifọ́níà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, to kámẹ́rà 12 sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ẹṣin kan yóò gbà sáré. Leland Stanford, ọlọ́rọ̀ tí ó ni ẹṣin náà, fẹ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹṣin a máa kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Muybridge kò dúró de ìrọ̀lẹ́. Inú oòrùn ni ó ti ya àwọn fọ́tò náà, ó sì fi ohun funfun dí ẹ̀yìn ọ̀nà kí ìmọ́lẹ̀ má baà ṣòfò. Fọ́tò rẹ̀ fi hàn gbangba pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń kúrò nílẹ̀ ní tòótọ́. Ayafọ́tò eré ìdárayá lónìí kò lè yan àkókò bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó ṣètò eré ni ó yan wákàtí rẹ̀. Nítorí náà, inú kámẹ́rà ni yóò ti wá ọ̀nà àbáyọ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀. Èkíní ni ṣọ́tà, èyí tí í ṣe ìlẹ̀kùn tí ń ṣí tí ó sì ń tì nínú kámẹ́rà. Bí ó bá ti pẹ́ ní ṣíṣí tó ni ìmọ́lẹ̀ ń pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n eléré kì í dúró de ìlẹ̀kùn. Ẹni tí ó bá lè sá 100 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 10 ń lọ ní mítà 10 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ṣọ́tà bá ṣí fún 1/100 ìṣẹ́jú-àáyá, ara rẹ̀ yóò ti rìn ní sẹ̀ǹtímítà 10 kí ilẹ̀kùn tó tì. Ìdí nìyí tí fọ́tò fi dàbí èéfín. Bí ó bá jẹ́ 1/1000, sẹ̀ǹtímítà kan péré ni yóò rìn. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tilẹ̀ ń yára ju àárín ara lọ. Nítorí ìdí èyí, 1/1000 ni ó yẹ fún eré ìje àti bọ́ọ̀lù. Bí ó bá sì di kàráǹgídá, kí a má ṣe jẹ́ kí ó lọ sílẹ̀ ju 1/500 lọ.

Èkejì ni ihò lẹ́ńsì, ojú tí kámẹ́rà fi ń ríran. Nọ́ńbà tí a fi ń pe ihò yìí a máa da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láàmú, nítorí pé bí nọ́ńbà bá ti kéré tó ni ihò ń tóbi tó. Ìṣirò pínpín ni. Bí a bá ṣí lẹ́ńsì 200 mìlímítà dé f/4, fífẹ̀ ihò náà jẹ́ 200 tí a pín sí ọ̀nà 4, èyí ni 50 mìlímítà. Bí a bá ṣí i dé f/2.8, ihò náà fẹ̀ tó 71 mìlímítà, ìmọ́lẹ̀ tí ń wọlé sì di ìlọ́po méjì. Láti f/5.6 dé f/4, ìlọ́po méjì ni. Láti f/4 dé f/2.8, ìlọ́po méjì tún ni. Ṣùgbọ́n èyí náà ní ohun tí ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Bí ihò bá fẹ̀ gan-an, ibi tóóró ni yóò hàn gaara. Ohun tí ó wà níwájú àti lẹ́yìn ibẹ̀ yóò ṣe bàìbàì. Nítorí náà, kí a to kámẹ́rà sí ipò tí ojú rẹ̀ yóò fi máa tọ eléré lẹ́yìn láìdẹ́kun bí ó ti ń sún mọ́ tòsí.

Ẹ̀kẹta ni ISO. Kì í mú ìmọ́lẹ̀ wọlé sí i. Ohun tí ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí kámẹ́rà fi díẹ̀ tí ó rí ṣe púpọ̀. Bí a bá gbé e láti 800 sí 1600, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ti tó fún fọ́tò náà. Láyé fíìmù, ayafọ́tò ní láti yọ fíìmù kan kúrò kí ó tó lè fi èyí tí ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ sí i; lónìí, a lè yí ISO padà láàárín fọ́tò kan àti èkejì. Ohun tí ISO gíga ń gbà lọ́wọ́ ẹni ni ẹwà: àmì wínníwínní bí iyanrìn yóò bo ojú fọ́tò, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì ṣá díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ẹ̀bá okùn. Kí a sọ pé kámẹ́rà wọn ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ náà, ó sì ní 1/125, f/5.6 àti ISO 800 ni ó yẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ náà nílò 1/1000. Láti 1/125 sí 1/250, sí 1/500, sí 1/1000, ìgbà mẹ́ta ni a pín ìmọ́lẹ̀ sí méjì. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ó kù. Ó gbọ́dọ̀ rí i san padà níbòmíràn. Bí lẹ́ńsì rẹ̀ bá lè ṣí dé f/2.8, ó ti rí ìlọ́po mẹ́rin gbà. Bí ó bá sì gbé ISO dé 1600, gbèsè ti tán. Ṣùgbọ́n bí lẹ́ńsì rẹ̀ kò bá lè kọjá f/5.6, ISO nìkan ni yóò san gbogbo rẹ̀, yóò sì dé 6400. Fọ́tò náà yóò ní iyanrìn lójú. Ǹjẹ́ kí ó tìtorí èyí fà sẹ́yìn? Rárá o. A ṣì lè dá ènìyàn mọ̀ nínú fọ́tò tí iyanrìn bò, a sì lè fi ẹ̀rọ dín iyanrìn náà kù lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ojú tí ó ti di èéfín kò ní àtúnṣe. Kí ayafọ́tò kọ́kọ́ ra ìyára ṣọ́tà, lẹ́yìn náà kí ó ṣí ihò lẹ́ńsì dé òpin, kí ó sì jẹ́ kí ISO san ìyókù.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ńsì rí. Lẹ́ńsì tí ó lè yí láti 70 dé 200 mìlímítà ní f/2.8 dára púpọ̀ fún pápá, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì wọ́n. Èyí tí ó jẹ́ 400 mìlímítà ní f/2.8 ní láti ní ojú tí ó fẹ̀ tó 143 mìlímítà. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń lò ó fi ń gbé e lé ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ kan. Lẹ́ńsì kékeré 50 tàbí 85 mìlímítà tí ń ṣí dé f/1.8 kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń gba ìmọ́lẹ̀ ju f/2.8 lọ ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ tàbí kí ó díẹ̀ dín. Kò ríran jìnnà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ayafọ́tò lè ṣe ìyókù: kí ó sún mọ́ ibi eré, níwọ̀n bí òfin pápá bá ti gbà á láyè.

Iná gbọ̀ngàn ní ìṣòro tirẹ̀. Iná mànàmáná tí a ń lò ní Nàìjíríà ń yí padà nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ gílóòbù a máa mọ́lẹ̀ kí ó sì rẹlẹ̀ nígbà 100, bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Bí ṣọ́tà bá yára, fọ́tò kan lè mọ́lẹ̀ kí èyí tí ó tẹ̀lé e ṣókùnkùn. Àwọn kámẹ́rà kan ní ètò tí ń bá ìgbà tí iná mọ́lẹ̀ jù lọ rìn. Bí èyí kò bá sí, kí a ya fọ́tò bíi mẹ́rin léraléra, kí a sì yan èyí tí ó dára.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, fíláàṣì ńkọ́? Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1965, ní ìlú Lewiston ní Amẹ́ríkà, Muhammad Ali lu Sonny Liston ṣubú ní abala kìíní ìjà wọn. Fọ́tò tí Neil Leifer yà bí Ali ti dúró lé e lórí tí ó ń jágbe mọ́ ọn gbayé kan. Fíláàṣì ńláńlá tí a so sókè orí ibi ìjà ni ó fi yà á. Fíláàṣì kékeré tí ó wà lórí kámẹ́rà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ọ̀nà bá jìn ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni yóò débẹ̀. Ó sì lè kọ mànà sójú eléré, kí ó sì kó bá a. Kí a má ṣe lò ó láìgba àṣẹ.

Bí gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí kò bá tó, ọgbọ́n kan ṣì kù. Ẹni tí ń fò sókè, nígbà tí ó bá dé òpin fífò rẹ̀, ara rẹ̀ a dúró ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú kíún kí ó tó máa bọ̀ wálẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ eré náà dunjú yóò dúró de àkókò yìí, 1/250 sì lè tó o. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ayafọ́tò mọ eré gẹ́gẹ́ bí ó ti mọ kámẹ́rà.

Ní ilẹ̀ wa, ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣú lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tètè dé pápá, kí ó wọn ìmọ́lẹ̀, kí ó ya àwọn tí ń na ara wò, kí ó sì tún un wọ̀n ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Nígbà tí okùn bá sì já, ìyá tí kò sí níbẹ̀ yóò rí ojú ọmọ rẹ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó mú kí fọ́tò ẹni tí ó já okùn dàbí èéfín?
2. Kí ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà mẹ́ta ń gbà lọ́wọ́ ayafọ́tò?
3. Bí kámẹ́rà bá ní 1/250, f/4 àti ISO 1600 ni ó yẹ, tí a sì fẹ́ 1/1000 láìyí ihò lẹ́ńsì padà, ISO mélòó ni a ó lò?
4. Lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú gbólóhùn tìrẹ: ṣọ́ ná, kásẹ̀ nílẹ̀, gbayé kan.