Ọkọ̀ Oníná Ń Bọ̀ Lóòótọ́, Ta Ni Yóò Jẹ Èrè Rẹ̀?

Ọmọkùnrin kan wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé kan, kò tíì jókòó tó fi na fóònù rẹ̀ sí mi lójú. "Bàbá, ẹ wò ó. Tó bá di ọdún mẹ́wàá sí i, ta ló tún máa wa ọkọ̀ elépo? Gbogbo owó àjọ tí mo kó lóṣù yìí ni mo fẹ́ fi ra ìpín ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ oníná yìí." Mo ní kó kọ́kọ́ mu omi. Mo wá bi í pé, iye tí wọ́n ń ta ìpín ọ̀hún lónìí, ṣé ó wọ́n ni àbí ó pọ̀ bí omi òjò? Ó wojú mi títí, kò rí èsì fọ̀.

Tìtorí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jókòó sí Ìbàdàn ra ìpín ní New York ni mo ṣe ń kọ èyí. Iṣẹ́ alágbàtà ìpín ni mo fi tọ́ ọmọ. Nígbà tí mo dé Customs Street l'Ékòó, níbi tí ọjà ìpín wa wà, kò sí kọ̀ǹpútà nínú gbọ̀ngàn ọjà wa. Wọ́n á pe orúkọ ilé iṣẹ́, ẹni tó fẹ́ rà á ké iye tirẹ̀, ẹni tó fẹ́ tà á ké tirẹ̀, wọ́n á sì kọ iye tí ẹnu bá kò lé lórí sára pátákó. April 1999 ni ẹ̀rọ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ohùn wa. Lónìí, kí omi ẹ̀bà tó hó, ẹ ti ra ìpín tán. Mi ò bá yín jà. Àmọ́ ariwo ayé ọjọ́un ní àǹfààní kan: o ní láti la ẹnu rẹ pe iye tí o fẹ́ san, níṣojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Tó o bá pe ìpekúpe, wọ́n á fi ọ́ ṣẹ̀sín títí dalẹ́. Fóònù kì í fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín.

Ohun mẹ́ta ni ẹ ń dà sínú ìkòkò kan ṣoṣo: ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, àti iye tí wọ́n ń ta ìpín ilé iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ lè dára kí ilé iṣẹ́ má dára. Ilé iṣẹ́ lè dára kí iye ìpín rẹ̀ jẹ́ iye tí ọlọ́gbọ́n kò gbọdọ̀ san.

Ẹ wo Tesla. Ní 2021, ọkọ̀ tó kó fún àwọn oníbàárà jẹ́ nǹkan bí 936,000. Ní 2022, ó di mílíọ̀nù 1.31, ìyẹn ni pé nínú ọgọ́rùn-ún tó tà tẹ́lẹ̀, ó fi ogójì lé e. Ẹni tó bá ń ka ọkọ̀ nìkan á ti máa jó. Ọdún yẹn kan náà ni ìpín rẹ̀ já, tó fi pàdánù nǹkan bí 65 nínú ọgọ́rùn-ún iye rẹ̀. Ọkọ̀ ń gòkè, ìpín ń sọ̀ kalẹ̀!

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí. Bí ìpín kan bá ń lọ ní 100 náírà, tí ilé iṣẹ́ ọ̀hún sì ń jèrè 5 náírà lọ́dún lórí ìpín kọ̀ọ̀kan, èrè ogún ọdún lẹ san sílẹ̀ yẹn. Nígbà tí 2021 ń parí, èrè tí àwọn tó ń ra Tesla ń san sílẹ̀ ju ti igba ọdún lọ. Wọ́n ti sanwó ọkọ̀ tí ẹni tó máa wà á kò tíì délé ayé. Ó dá wọn lójú pé èrè á máa fò lọ́dọọdún ni, ó sì lè fò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti san owó gbogbo ayọ̀ ọ̀la lónìí, kí ló kù tó máa yà á lẹ́nu? Elon Musk, ọ̀gá Tesla fúnra rẹ̀, tún ń ta lára ìpín tirẹ̀ lọ́dún náà kó lè ra Twitter.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ èlé, èyí tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ kì í fẹ́ gbọ́ nítorí kò dùn ún gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ní March 2022, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí gbé èlé sókè láti ibi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òfo. Kí ọdún náà tó parí, ó ti kọjá 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ sún mọ́ mi kí n fi owó ilé wa ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Ká ní mo ṣèlérí pé ní ọdún mẹ́wàá òní, màá fún yín ní mílíọ̀nù kan náírà. Èló lẹ máa ra ìlérí yẹn lónìí? Bó bá jẹ́ pé èlé 3 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ lè rí níbòmíràn, ẹ lè ra á ní 744,000. Bó bá jẹ́ pé ibòmíràn ń san 20, ẹni tó bá san ju 161,000 àti díẹ̀ lọ ti gbé owó rẹ̀ fún mi ná. Ìlérí kò yí padà o. Èlé ló yí padà. Ilé iṣẹ́ tí èrè rẹ̀ ṣì wà lọ́nà jíjìn ni èlé máa ń kọ́kọ́ lù. Ìpín ọkọ̀ oníná sì rèé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀la ni wọ́n ń tà.

Ẹ má sì rò pé ìyẹn kò kàn wá. Ní 2024, ìwé ìyáwó ìjọba Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní treasury bills ń san ju 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìpín tí ẹ bá fẹ́ rà lọ́dún náà gbọ́dọ̀ sọ ìdí tó fi sàn ju kí ẹ yá ìjọba lówó kí ẹ sì sùn.

Ẹ tún rántí fóònù. Ní 2001 tí GSM dé, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ilé kọ̀ọ̀kan máa ní fóònù lọ́jọ́ iwájú. Gbogbo wa la ríran. Síbẹ̀, mélòó nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó gbé wáyà àti aláìníwáyà wá nígbà náà ló ṣì wà? MTN tó yè é, 2019 ló tó wọ ọjà ìpín wa, ní 90 náírà. Ní June 2023, ìjọba tú náírà sílẹ̀. Àwọn ènìyàn kò dáwọ́ ìpè dúró, dátà ń tà bí àkàrà, owó tó ń wọlé ń pọ̀ sí i, síbẹ̀ ilé iṣẹ́ náà kéde àdánù tó tó bílíọ̀nù 137 náírà fún ọdún yẹn, ó sì tún kéde èyí tó lé ní bílíọ̀nù 400 fún 2024. Dọ́là ni gbèsè tó jẹ, owó tó sì ń wọlé fún un, náírà ni. Ní 2025 ó tún padà sínú èrè. Ẹni tó bá wo oníbàárà nìkan kò ní rí i bọ̀. Ẹni tó bá ka ibi tí wọ́n kọ gbèsè sí nínú ìwé ìṣirò ọdọọdún á ti rí òjò tó ṣú.

Náírà yìí kan náà ló ń tan àwọn kan nínú yín jẹ. May 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bí 460 náírà lójú ìwé ìjọba. Ní 2024 ó kọjá 1,500. Ẹni tó ra ìpín Amẹ́ríkà tí kò sún síwájú tí kò sún sẹ́yìn á ka owó rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta ní náírà, á wá máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn níṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ kọ́ lo jèrè yẹn. Náírà ló ṣubú.

Ta ni yóò wá jẹ èrè ọkọ̀ oníná? Ìgbà àkọ́kọ́ kọ́ nìyí tí ọkọ̀ oníná máa jẹ́ ọkọ̀ ọ̀la. Ní nǹkan bí ọdún 1900, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọkọ̀ Amẹ́ríkà ló ń lo iná bátìrì. Epo ló padà borí. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé iṣẹ́ sì ló ń ṣe ọkọ̀ elépo nígbà náà. Tí ẹ bá ní kí n ka àwọn tó kù, ìka ọwọ́ mi ti tó. Ní ayé tiwa yìí, Nikola, ilé iṣẹ́ tó ní òun máa ṣe ọkọ̀ akẹ́rù oníná, wọ ọjà ìpín ní June 2020, ó sì níye lórí ju Ford lọ fún ìgbà díẹ̀, nígbà tí kò tíì ta ọkọ̀ kankan. Ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fi hàn nínú fídíò, orí òkè ni wọ́n gbé e lọ, tí wọ́n jẹ́ kó máa yí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bọ̀ wálẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá olùdásílẹ̀ rẹ̀ lẹ́bi jìbìtì ní 2022, ilé iṣẹ́ náà sì kéde ní February 2025 pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́. Lordstown, tí òun náà ń ṣe ọkọ̀ oníná, ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní 2023, Fisker ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2024. Ọkọ̀ oníná kò kú pẹ̀lú wọn o. Ní Norway, nínú ọkọ̀ tuntun mẹ́wàá tí wọ́n tà ní 2024, nǹkan bí mẹ́sàn-án jẹ́ oníná.

Èmi a máa wo ibi tí bátìrì wà, nítorí bátìrì ló ń jẹ owó jù lára ọkọ̀ náà. BYD ti Ṣáínà, bátìrì fóònù ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1995, kó tó ronú kan ọkọ̀. Ní March 2022 ó jáwọ́ nínú ọkọ̀ tó jẹ́ epo nìkan. Ní Kútọnu, mo dúró wo àwọn ọlọ́kadà oníná. Bátìrì wọn tán, wọ́n yà síbùdó, wọ́n yọ ọ́, wọ́n ki òmíràn tó ti kún bọ̀ ọ́, ó di fìrì! Mo bi ara mi pé, nínú ẹni tó ta ọ̀kadà yẹn lẹ́ẹ̀kan àti ẹni tó ń ta iná fún un lójoojúmọ́, ìpín ta ni màá rà? Ó sinmi lórí iye tí kálukú wọn bá pè.

Kí ẹ má baà rò pé ẹsẹ̀ mi kò kọ rí, ẹ gbọ́ ti 2008. Láti ìgbà tí àwọn báńkì ti ń wá bílíọ̀nù 25 náírà owó ìpìlẹ̀ tí báńkì àpapọ̀ wa ní kí kálukú wọn ní kí 2005 tó parí, ìpín ti di ọ̀rọ̀ ẹnu aláṣọ àti oníbùrẹ́dì. Ní March 2008, òǹkà gbogbo ọjà wa lé ní 66,000. Èmi tí mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, mo lọ yá owó ní báńkì kan, mo fi ìpín mi dúró, mo sì fi owó ọ̀hún ra ìpín sí i. Ọ̀gá mi àtijọ́ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló máa wá rà á lọ́wọ́ rẹ?" Mo rẹ́rìn-ín. Èrè orí ìwé ti sọ mí di ọlọ́gbọ́n lójú ara mi. Nígbà tó fi máa di March 2009, òǹkà ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000. Báńkì kò dúró kí ọjà gbérí. Wọ́n ta ìpín mi ní iye tó bá rí, gbèsè sì tún ṣẹ́kù lọ́rùn mi. Ilẹ̀ tí mo rà sí Ìkòròdú ni mo fi dí i. Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ì bá sàn kó jà.

Ibi tó dùn mí jù ni pé díẹ̀ lára ìpín wọ̀nyẹn padà gbérí. Mo ti yàn wọ́n dáadáa. Owó yíyá ni kò jẹ́ kí n lè dúró dè é. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kí ẹ fi owó àyálò ra ìpín ọkọ̀ oníná, tàbí tí áàpù inú fóònù yín ń fi owó lọ̀ yín, ẹ pa á dé. Owó ilé ìwé ọmọ, owó ilé, owó àjọ tí ẹlòmíràn ń dúró dè, ẹ má fi ọ̀kan nínú wọn kan ọjà. Ọjà lè wà nílẹ̀ fún ọdún márùn-ún.

Ọmọ tó wá bá mi, mo fún un ní bébà kan. Mo ní kó kọ ohun tí ilé iṣẹ́ náà ń tà àti ẹni tó ń rà á. Kó kọ gbèsè rẹ̀, àti irú owó tó jẹ ẹ́. Kó kọ iye ọdún èrè tó fẹ́ san sílẹ̀. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, kó kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ á fi gbà pé òun ṣìnà, kó sì buwọ́ lù ú.

Ó mú un padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kún inú bébà náà dẹ́nu, ó tún ya àwòrán bátìrì sí i. Ó kọ gbèsè síbẹ̀ pẹ̀lú. Ibi tó yẹ kí iye ọdún èrè wà, òfìfo ni. Ó ní ilé iṣẹ́ náà kò tíì jèrè rí. Mo dá bébà rẹ̀ padà fún un. Títí di òní, kò tíì rà á.