Àpótí Ìmọ̀: Wákàtí Iṣẹ́ Olówó Oṣù

Wákàtí iṣẹ́ ni àkókò tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ fohùn sí pé a ó máa fi ṣiṣẹ́ lójúmọ́, kí owó oṣù tó di ti ẹni tó làágùn fún un. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ti dá iye kan lé e, bẹ́ẹ̀ kọ́. Abala 13 òfin náà fi í sílẹ̀ fún àdéhùn ẹni méjì, tàbí fún ìdúnàádúrà ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, tàbí fún ìgbìmọ̀ tó ń wo owó iṣẹ́. Èyí tó bá ré kọjá àdéhùn ni àṣekún.

Ẹ jẹ́ kí a wo akọ̀wé kan tó ń ti Okokomaiko wá síbi iṣẹ́ ní Ọ̀jọ́, tó ń buwọ́ lu ìwé ìdé ní agogo 8 àárọ̀, tó sì ń buwọ́ lu ti ìlọ ní agogo 5 ìrọ̀lẹ́, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Wákàtí 9 nìyẹn. Ṣùgbọ́n àdéhùn rẹ̀ kò ka wákàtí 1 oúnjẹ mọ́ iṣẹ́, ìsinmi tí òfin fún ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 6 lójúmọ́. Ó ku 8. 8 lọ́nà 5 jẹ́ 40. Bí ọ̀gá bá dá a dúró di agogo 7 fún ọjọ́ 3, àṣekún rẹ̀ jẹ́ 2 lọ́nà 3, èyíinì ni 6, àpapọ̀ sì di 46.

Òfin kan náà ló ní kí ọjọ́ 7 má ṣe kọjá láìsí ìsinmi wákàtí 24 gbáko.