Bí A Ṣe Ń Bèèrè Orúkọ Ìdílé Lédè Ṣáínà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà, orúkọ ìdílé ló ń ṣíwájú. Bí ẹ bá fẹ́ bèèrè rẹ̀, ẹ wí pé: "Nín guì xìng?" "Nín" dà bí "ẹ̀yin" tí à ń lò fún àgbà, "guì" ń bọlá fún orúkọ náà. Ẹni tó ń dáhùn kì í gbé ara rẹ̀ ga, yóò yọ "guì" kúrò: "Wǒ xìng Mǎ," orúkọ ìdílé mi ni Mǎ.

Mǎ wọ́pọ̀ láàrin Mùsùlùmí ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé ara orúkọ Muhammad ni wọ́n ti yọ ọ́. Òun ni ìdílé Zheng He, ọ̀gá atukọ̀ ọdún 1405, ń jẹ́ kí ọba tó yí i padà.

Ẹ ṣọ́ ohùn o! Mā ni ìyá, mǎ ni ẹṣin.