Ẹ̀KỌ́ FÚN ILÉ: ORÚKỌ ỌJÀ ÀTI OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀

Àwọn baba wa a máa wí pé, ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dé ọjà, a a máa yí ọ̀rọ̀ náà padà: orúkọ ni a kọ́kọ́ ń wò, a kì í sì í wo ilé mọ́. Nítorí èyí ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a fi ẹ̀kọ́ oṣù yìí wádìí ọ̀ràn náà.

Ní sáà ilé-ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, ìyá kan ní Ọlọ́runṣògo tọ̀ wá wá pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ọmọ rẹ̀ kọ̀ láti mu tíì tí ilé-ìtajà kan di sínú ọ̀rá pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀, nítorí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe ẹlẹ́yà. Kí ìyá náà lè ra agolo olórúkọ, ó ti dín ẹ̀wà alẹ́ kù nínú ilé. Ó bi wá pé, “Bàbá wa, ṣé ìtọ́jú ni mo ń tọ́jú ọmọ yìí, tàbí ìyà ni mo fi ń jẹ ẹ́?” A kò lè dá a lóhùn lójúkan náà, nítorí agolo olórúkọ ni ó wà lórí tábìlì àwa tìkara wa, a kò sì tí ì ka ohun tí a kọ sí ara rẹ̀ rí. Nítorí náà ni a ṣe jókòó, tí a gbé méjèèjì ka iwájú, tí a sì bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta.

Èkíní: Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Lára ọjà tí a dì, a a máa to àwọn ohun tí a fi ṣe é lẹ́sẹẹsẹ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n wọn; èyí tí ó pọ̀ jù ni ó ń ṣáájú. Nínú ọ̀pọ̀ tíì alágolo, ṣúgà tàbí ọkà málítì ni a ó rí ṣáájú kòkó. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú méjèèjì tí a kà ní ọjọ́ náà. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, nítorí àgbẹ̀ kòkó ni ọkọ rẹ̀.

Àwọn ọjà kan wà tí orúkọ kò fi bẹ́ẹ̀ sọ wọ́n di òmíràn. Iyọ̀ ni iyọ̀, ṣúgà sì ni ṣúgà. Òfin ilẹ̀ wa béèrè pé kí iyọ̀ tí a ń jẹ ní áyódíìnì nínú, èyí tí ń dènà gẹ̀gẹ̀. Láti ọdún 2002 ni a sì ti pàṣẹ pé kí a fi fítámì A sínú ìyẹ̀fun, ṣúgà àti òróró. Òfin yìí kò yọ olórúkọ ńlá sílẹ̀, kò sì yọ kékeré sílẹ̀. Ṣùgbọ́n níti mílíìkì, ẹ kíyè sára. Òmíràn ní ọ̀rá wàrà tòótọ́. Òmíràn sì jẹ́ èyí tí a yọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò, tí a fi òróró ewéko dípò rẹ̀. Àwọn méjèèjì lè jọ ara wọn lójú, ìwé ara wọn ni yóò fi ìyàtọ̀ hàn. Ẹ má sì ṣe gbàgbé pé mílíìkì lásán, ìbáà jẹ́ olórúkọ, kì í ṣe oúnjẹ ọmọ-ọwọ́ tí kò tí ì pé ọdún kan. Wàrà ọmú ìyá nìkan ni ó tó fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́.

Èkejì: Ìwọ̀n rẹ̀ ti tó, èló sì ni? Ẹ jẹ́ kí a mú iye kan fún àpẹẹrẹ. Bí agolo olórúkọ bá jẹ́ 500 gíráàmù ní 4,000 náírà, náírà 8 ni gíráàmù kan. Bí ọ̀rá ilé-ìtajà bá jẹ́ 400 gíráàmù ní 2,800 náírà, náírà 7 ni. Bí ọ̀rá kékeré kan bá jẹ́ 20 gíráàmù ní 200 náírà, náírà 10 ni, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó dàbí ẹni pé kò wọ́n ni ó wọ́n jù. Ilé tí ń lo 2,000 gíráàmù lóṣù yóò fi 2,000 náírà pamọ́ bí ó bá yan ti ilé-ìtajà. Láàárín sáà oṣù mẹ́ta, ó di 6,000. Ẹ máa wo ìwọ̀n tí a kọ, ẹ má ṣe wo títóbi páálí. Nígbà mìíràn a a máa dín ohun inú kù láìdín owó kù.

Ẹ̀kẹta: Ta ni yóò dáhùn fún un? Ìbéèrè yìí ni ó bí orúkọ lórí ọjà. Ní ọdún 1844, ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òṣìṣẹ́ kan dá owó jọ, wọ́n sì ṣí ilé-ìtajà tiwọn, nítorí ó ti sú wọn láti máa ra ìyẹ̀fun tí a bù lé àti ìwọ̀n èké. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti kọ́ ọ̀nà wọn. Ní ọdún 1924 pẹ̀lú, Jack Cohen, oníṣòwò kan ní London, fi orúkọ Tesco sí ara ewé tíì tí ó ń tà, kí ó tó di pé ilé-ìtajà kankan ń jẹ́ orúkọ náà. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-ìtajà ńlá kò ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Wọ́n a máa bẹ ẹlòmíràn níṣẹ́ láti bá wọn ṣe é, ìpolówó rẹ̀ kò sì ná wọn ní owó púpọ̀. Nítorí náà ni ó ṣe lè dínwó láìburú.

Orúkọ tìkara rẹ̀ kì í dúró títí. Ọṣẹ ẹlẹ́bu èyíkéyìí ni a ń pè ní ọmọ ní ilé wa, nítorí Omo tí Unilever ń ṣe. Síbẹ̀ ní ọdún 2023 ni Unilever kéde pé òun yóò dáwọ́ rẹ̀ dúró ní Nàìjíríà. Orúkọ olókìkí sì ni àwọn ayédèrú ń wá láti fi ṣe ẹ̀tàn. Nítorí náà, ìbáà jẹ́ ńlá tàbí kékeré, ẹ wá nọ́mbà NAFDAC, àjọ tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1993. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ẹ wo ojú ìdè rẹ̀, ẹ sì wò bóyá agolo náà wú tàbí ó dípẹtà. Níti èyí tí a bù sínú ọ̀rá tí a kàn so, tí kò ní orúkọ tàbí ọjọ́, ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, tí ó tú àpò rẹ̀ lójú yín. Bí kò ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dáhùn fún un.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ kan nìyí fún yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mú páálí òfìfo méjì wá sí kíláàsì, kí wọ́n ka ìwé ara wọn, kí wọ́n sì fi ìṣirò wá iye owó gíráàmù kan. Ọmọ tí ó bá ti ṣe èyí yóò lọ́ra láti fi ọ̀rá ẹlòmíràn ṣe ẹlẹ́yà.

Níti ìyá wa, ó padà sí ti ilé-ìtajà, ẹ̀wà sì padà sínú ìkòkò alẹ́. Ọmọ náà ṣì ń kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹun yó. Àwa pẹ̀lú ti yí èyí tí ó wà lórí tábìlì wa padà.