Ara Tó Wú Kì Í Ṣe Ara Tó Le: Ẹ Yẹ Oògùn Agbára Wò Kí Ẹ Tó Rà Á

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù àti ẹ̀yin ìyá tó ń fún wọn lówó ni ẹ̀kọ́ tòní wà fún.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ládùúgbò wa ra oògùn agbára lọ́jà. Kò pẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, àwọn ọ̀rẹ́ ń yìn ín. Nígbà tí owó tán, ó ṣíwọ́ lílò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó ṣubú lóko, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà tan wá jẹ. Àkọ́kọ́ ni èyí tí kò pé. Agolo á ní purotéènì ló kún inú òun, ìyẹn èròjà tí ń mọ ẹran ara, àmọ́ ṣúgà àti ìyẹ̀fun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn agolo. Bí ìwọ̀n ṣíbí kan bá jẹ́ 30 gíráàmù, tí purotéènì rẹ̀ jẹ́ 6, ìdá kan nínú márùn-ún péré lẹ rà. Èròjà tó bá pọ̀ jù ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ kọ.

Ṣé òótọ́ ni wọ́n kọ? Ẹ po ìyẹ̀fun náà díẹ̀ mọ́ omi tútù, kí ẹ kán Bétadine, oògùn ojú egbò, sí i. Bí ó bá dúdú bí aró, ìyẹ̀fun gbágùúdá, àgbàdo tàbí irú wọn wà níbẹ̀. Bí wọn ò bá kọ ọ́ sára agolo, irọ́ ni wọ́n pa. Ẹ da omi yẹn nù, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu ún. Àmọ́ bí kò bá dúdú, ẹ má sọ pé ó dára o. Ìdánwò yìí kì í mú ṣúgà, kì í sì í mú oògùn tó fara pamọ́.

Èyí gan-an ni ọ̀nà kejì, òun ló burú jù. Wọ́n ń ta dexamethasone àti cyproheptadine bí oògùn ìsanra. Cyproheptadine jẹ́ oògùn ara yíyún. Ó ń mú kí oúnjẹ wu ni, ó sì ń kunni lóorun. Dexamethasone jẹ́ oògùn tí dókítà ń fi tọ́jú àìsàn líle. Ó ń kó omi àti ọ̀rá jọ sójú àti ikùn, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́, ó ń jẹ ẹran apá àti itan. Ẹ gbọ́ o: ohun tí ẹ rà kí apá lè yọ, òun ló ń jẹ apá! Ó tún ń mú ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́. Ara á gbójú lé e. Bí a bá já a lójijì, ó lè pa ni.

Nítorí náà, ẹni tó ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀. Kó mú páálí oògùn náà lọ bá nọ́ọ̀sì lónìí.

Ẹ sá fún oògùn tí wọ́n dì sínú ọ̀rá lásán, tí kò ní orúkọ, nọ́ńbà tàbí ọjọ́ tó máa bà jẹ́, àti èyí tó ṣèlérí ara ńlá láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2009, Jacques Chirac, ààrẹ Faransé tẹ́lẹ̀, wà ní Kútọnu níbi tí wọ́n ti ké gbàjarè sáyé lórí ayédèrú oògùn. Ní 2017, ọlọ́pàá ya wọ ọjà Ajégúnlẹ̀ ní Kútọnu, wọ́n kó oògùn lọ. Àmọ́ ọlọ́pàá ò lè ṣọ́ àpò yín.

Sóyà wà lóko wa. 100 gíráàmù rẹ̀ ní gbígbẹ ní purotéènì bí 36 gíráàmù, ẹ̀wà ní bí 23. Ẹ jẹ ẹ́, ẹ ṣiṣẹ́, ẹ sùn dáadáa. Díẹ̀díẹ̀ ni ara ń dàgbà.

Fún ẹgbẹ́ yín: Ta ló ní oògùn ìsanra nílé? Ẹ mú un wá ní ìpàdé tó ń bọ̀, ká jọ kà á. Ó dàbọ̀ o.